Ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ orin emo: ọ̀dọ̀ Bad Brains ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀

Tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ emo lónìí, orin gìtá líle tí akọrin ti ń tú ìmọ̀lára ọkàn rẹ̀ síta, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tó da irun dúdú bo ojú kan, tó lé tìróò, tó wọ ṣòkòtò tó fún pinpin, tó ń ké pé olólùfẹ́ òun já òun sílẹ̀, ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwòrán yẹn kò ju nǹkan bí ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ. Orin náà fúnra rẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún, Washington, D.C. ni wọ́n sì bí i sí, nígbà ooru ọdún 1985. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń dúró sí tí wọ́n bá ń wá ìdí rẹ̀. Èmi kì í dúró níbẹ̀. Bí a bá tọpa orin yìí délẹ̀délẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú mẹ́rin tí wọ́n ń jẹ́ Bad Brains la ó bá ara wa, ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Lanham, Bowie àti Hyattsville, tí ẹ máa ń wọ aṣọ ẹbí lọ sóde ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, àdúgbò yín ni mò ń sọ yìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1976 ni àwọn ọ̀dọ́ náà dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀, tí wọ́n pè ní Mind Power. Jazz ni wọ́n ń ṣe, irú jazz líle tí wọ́n po rock mọ́, tí ẹgbẹ́ Return to Forever fi gbajúmọ̀ láyé ìgbà yẹn. Ẹni tó bá mọ irú orin bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ìlù á yí padà lójijì, gìtá á máa sáré tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ṣì í. Gary Miller, tí wọ́n ń pè ní Dr. Know, ló ń ta gìtá. Darryl Jenifer mú báàsì, Earl Hudson ń lu ìlù, ẹ̀gbọ́n Earl, Paul Hudson tí gbogbo ayé mọ̀ sí H.R., ló sì wá di akọrin. Ọ̀rẹ́ wọn kan, Sid McCray, ló gbé àwo orin punk wá fún wọn gbọ́. Punk nígbà náà jẹ́ orin àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ orin rárá, ẹni tó bá ti lè ta gìtá díẹ̀ ti tó ó ṣe. Àmọ́ nígbà tí àwọn ọmọ jazz wọ̀nyí gbà á mọ́ra, tí wọ́n sọ ara wọn di Bad Brains, wọ́n mú un ya eré débi tí kò sí ẹni tó tíì bá a dé rí. Àwo kékeré àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1980, orin “Pay to Cum” tó wà nínú rẹ̀ kò sì pé ìṣẹ́jú méjì. Ẹ gbọ́ ọ lónìí, ẹ ó rí i pé nínú gbogbo eré àsápajúdé yẹn, kò sí ohun kan tó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ H.R. gan-an ló gbà mí lọ́kàn jù. Kì í ṣe ariwo lásán ló ń pa. Nínú ẹsẹ orin kan ṣoṣo, á sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á fi ohùn tín-ín-rín kọrin, á bú sígbe, á sì tún padà rọra máa sọ̀rọ̀ bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó máa ń ta òkìtì sẹ́yìn lórí ìtàgé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á kanlẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi tí orin ti parí. Àwọn akọrin punk ìgbà yẹn ń bínú sí ìjọba, wọ́n ń bínú sí òbí wọn, wọ́n ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́. H.R. ń sọ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Ìwé kan tí òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà Napoleon Hill kọ ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní PMA (Positive Mental Attitude), pé kí èèyàn máa fi ọkàn rere kojú ohun gbogbo, wọ́n sì fi kọrin. Nígbà tó yá, wọ́n di ẹlẹ́sìn Rastafari, ẹ̀sìn tó ti Jamaica wá, wọ́n sì ń fi reggae gidi sí àárín orin eré wọn. Mi ò ní fi pamọ́ pé ẹ̀sìn náà mú kí wọ́n hùwà tí kò dáa sí ẹgbẹ́ Big Boys ní Austin ní 1982, nítorí pé akọrin Big Boys ń fẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀. Ìyẹn kò yí ohun tí wọ́n ṣe sí orin padà.

Ẹ̀rí mi nìyí. Kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí Bad Brains gbé jáde, ti 1982 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ROIR ní New York, tó ní àwòrán mànàmáná tó ń sán lu ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà lára èèpo rẹ̀, orin “Sailin' On” ló ṣáájú nínú rẹ̀. Kí ni orin náà dá lé lórí? Ọkùnrin kan ni ẹni tó fẹ́ràn kò fẹ́ mọ́, ó fọkàn tán an, wọ́n fi ọkàn rẹ̀ ṣeré, ó wá ń dágbére pé òun ń lọ tòun. Orin ọkàn tó gbọgbẹ́ ni, wọ́n fi eré tó yára jù láyé ìgbà yẹn gbé e, ọdún mẹ́ta sì ni kí ẹnikẹ́ni tó pe ohunkóhun ní emo. Bí ìyẹn kì í bá ṣe emo, ẹ sọ ohun tó jẹ́ fún mi.

Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ á máa sun ẹkún láti agboolé dé agboolé, á dárúkọ ìyá rẹ̀, á dárúkọ bàbá rẹ̀, á sọ ẹ̀rù tó ń bà á síta. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ọkàn rẹ̀ kò le. Ohun tí àwọn èèyàn ń gbọ́ ni bóyá ó mọ ẹkún sun, bóyá ohùn rẹ̀ dùn, bóyá ó mọ oríkì ilé rẹ̀. Láwùjọ tí àwọn ọmọ D.C. ti dàgbà, ọkùnrin kì í sunkún níta, ìdí nìyẹn tí orin tó ń sunkún fi di ohun tí wọ́n ń wá orúkọ àrà ọ̀tọ̀ fún.

Àwọn òyìnbó tó wá dá emo sílẹ̀ fúnra wọn kò fi èyí pamọ́. Ní 1979, Bad Brains ṣí eré fún The Damned, ẹgbẹ́ punk láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ilé ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bayou, ní Georgetown. Ian MacKaye àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá di Henry Rollins, àwọn méjèèjì tó padà di akọrin punk olókìkí, wà níbẹ̀, ọ̀dọ́langba ni wọ́n. MacKaye ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé Bad Brains la òun lójú. Ní 1980 òun àti Jeff Nelson dá ilé-iṣẹ́ Dischord sílẹ̀ láti máa gbé àwo orin àwọn ọmọ ìlú wọn jáde, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Minor Threat sílẹ̀. Hardcore ni wọ́n ń pe orin náà, punk tó yára tó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní tiwọn, Bad Brains kó lọ sí New York, nítorí àwọn ilé ìgbafẹ́ ní D.C. kò fẹ́ gbà wọ́n láàyè mọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn òǹkọ̀wé kì í kà sí. D.C. ní orin tirẹ̀, go-go, tí Chuck Brown jẹ́ bàbá rẹ̀, orin aláwọ̀ dúdú tó kún fún ìlù kóńgà àti agogo, tí onílù kì í jẹ́ kí ó dáwọ́ dúró láàárín orin kan sí òmíràn. Ní 2020 ni ìlú náà sọ ọ́ di orin ìlú lábẹ́ òfin. Eré ìkẹyìn tí Minor Threat ṣe, ní oṣù kẹsàn-án 1983, Trouble Funk tí í ṣe ẹgbẹ́ go-go ni wọ́n jọ ṣe é. Nínú àwọn ẹgbẹ́ ìgbà ooru 1985 pàápàá, Beefeater ní Fred Smith, aláwọ̀ dúdú tó ń ta gìtá tí funk kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé yàrá àwọn ọmọ òyìnbó nìkan ni emo ti jáde, kò wo ìlú náà dáadáa.

Ní 1984, hardcore ti fẹ́ bàjẹ́. Ìjà ló kún agbo orin, àwọn jàǹdùkú onírun fífá ń wá síbẹ̀ láti lu èèyàn, àwọn tó dá a sílẹ̀ sì ń sá fún eré tiwọn fúnra wọn. Amy Pickering, ọmọbìnrin kan láàárín wọn, bẹ̀rẹ̀ sí fi lẹ́tà kéékèèké tí kò ní orúkọ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ pé kí wọ́n múra sílẹ̀, Revolution Summer, ìgbà ooru ìyípadà, ń bọ̀. Orúkọ yẹn ló mọ́ ìgbà ooru 1985 lórí. Guy Picciotto, Brendan Canty, Eddie Janney àti Mike Fellows, tí wọ́n ń jẹ́ Rites of Spring, gbé àwo wọn jáde ní Dischord lọ́dún náà. Gìtá ṣì ń sáré, ìlù ṣì ń dún gbọ̀ngbọ̀n, ṣùgbọ́n ohun tó ti kọjá tí kò lè padà wá mọ́ ni Picciotto ń kọ lórin, ohùn rẹ̀ á sì já lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó wà níbi eré wọn ròyìn pé àwọn èèyàn ń sunkún. MacKaye dá ẹgbẹ́ Embrace sílẹ̀, Brian Baker tó ti wà nínú Minor Threat dá ẹgbẹ́ Dag Nasty sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn ọdún yẹn kì í ṣe ẹkún. Ní oṣù kẹfà 1985, àwọn ọ̀dọ́ punk yìí kó ìlù, ike àti agolo lọ síwájú ilé aṣojú ìjọba South Africa ní Washington, wọ́n ń lù ú kíkankíkan láti fi tako ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Mandela ṣì wà lẹ́wọ̀n nígbà náà. Ẹgbẹ́ Positive Force, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, ń bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ emo, ẹni tó ń sunkún nítorí ọkàn rẹ̀ náà ló ń lu agolo nítorí àwọn aláwọ̀ dúdú Soweto ní South Africa.

Orúkọ ńkọ́? Emotional hardcore ni wọ́n gé kúrú sí emo-core, tí wọ́n tún wá gé sí emo. Àwàdà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn, ìwé ìròyìn Thrasher sì gbé e káàkiri. MacKaye bínú sí i lórí ìtàgé, ó ní òun kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Picciotto náà kò gbà á títí di òní, ìdáhùn rẹ̀ sì ni mo gbé gbogbo àlàyé mi lé. Nígbà tí wọ́n bi í nípa emo, ó béèrè pé ṣé Bad Brains kò ní ìmọ̀lára ni, àbí ẹ̀rọ ni wọ́n? Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní bàbá emo, Bad Brains ló nawọ́ sí.

Àwọn kan á ní ẹgbẹ́ Hüsker Dü ní Minneapolis ti fi ọgbẹ́ ọkàn kọ hardcore nínú àwo Zen Arcade ní 1984. Àwo ńlá ni, ṣùgbọ́n “Sailin' On” ti fi ọdún méjì ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó sì ń dárúkọ The Smiths, ẹgbẹ́ rock ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orin mìíràn pátápátá ni wọ́n ń sọ.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ìtàn rẹ̀ kò ṣòro. Picciotto, Canty àti MacKaye pàdé nínú ẹgbẹ́ Fugazi ní nǹkan bí ọdún 1987, wọ́n sì fi emo sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Sunny Day Real Estate gbé e dé Seattle, àwo wọn jáde ní 1994. Cap'n Jazz gbé e dé Chicago, American Football ní Urbana sì mú ariwo rẹ̀ rọ̀. Nígbà tí Jimmy Eat World di gbajúmọ̀ ní 2001, tí MTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n olórin, ń fi Dashboard Confessional hàn, ó ti di orin ọjà. Fall Out Boy àti My Chemical Romance tẹ̀ lé wọn, MySpace, ìkànnì ayélujára ìgbà yẹn, sì gbé ìmúra náà dé gbogbo ayé, débi pé aṣọ àti irun ni ọ̀rọ̀ náà wá ń tọ́ka sí. Gerard Way ti My Chemical Romance fi ìbínú kọ orúkọ náà sílẹ̀ ní 2007. Ní Querétaro, ní Mexico, ní oṣù kẹta 2008, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kóra jọ láti lu àwọn tó múra bí emo láàárín ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lù wọ́n kò lè dárúkọ orin emo kan.

Ní nǹkan bí 2017 ni àwọn olórin aláwọ̀ dúdú bíi Lil Uzi Vert, Juice WRLD àti àwọn ẹgbẹ́ wọn wá gbé e wọ inú rap, wọ́n ń kọrin nípa ìfẹ́ tó dàrú, oògùn olóró àti ikú. Juice WRLD kú ní oṣù kejìlá 2019, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Àwọn oníròyìn ń kọ ọ́ bíi pé ohun àjèjì ni kí ọmọ aláwọ̀ dúdú máa ṣe emo, pé ohun ìní ẹlòmíràn ni wọ́n yá lò. Mo ti sọ ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó fi kásẹ́ẹ̀tì 1982 yẹn ṣáájú, kó gbọ́ Rites of Spring tẹ̀ lé e, kó wá fi Juice WRLD sí ìkẹyìn, kó sì tẹ́tí sí ohùn H.R. níbi tó ti ń já.