Strava pe Garmin lẹ́jọ́: kí ló kan ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú pálọ̀?

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Strava, áàpù tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń kó àkọsílẹ̀ wọn sí, pe Garmin tó ń ṣe aago àti kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà. Kí oṣù kẹwàá tó parí, ó ti fa ẹjọ́ náà padà. Ariwo rẹ̀ dé etí àwọn tó gbé kẹ̀kẹ́ sórí trainer (ẹ̀rọ tó ń di kẹ̀kẹ́ mú lójú kan kí èèyàn lè máa gùn ún) nínú ilé ní Yaba àti Lẹ́kí nítorí òjò, dánfó àti tírélà. (Kẹ̀kẹ́ ológeere là ń sọ o, kì í ṣe Marúwá.)

Kí ni wọ́n ń jà lé lórí gan-an?

Strava ní Garmin lo ọgbọ́n méjì tí òun ti fi òfin dáàbò bò: fífi àkókò ẹnì kan wé ti ẹlòmíràn lójú ọ̀nà kan náà, àti máàpù tó ń fi ibi tí èrò ń gbà jù hàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Garmin fẹ́ kí orúkọ òun máa hàn lára àkọsílẹ̀ tó bá ti inú ẹ̀rọ òun jáde, Strava ò sì fẹ́. Trainer ò sí nínú ìjà yẹn rárá.

Ṣé àkọsílẹ̀ tèmi á pòórá?

Rárá.

Kí ló dé tí ti àná fi jáde lẹ́ẹ̀mejì lórí Strava?

Ẹ̀yin lẹ gba akọ̀wé méjì síṣẹ́. Zwift, áàpù tó ń fi ọ̀nà inú àwòrán hàn yín bí ẹ ṣe ń gùn, kọ ọ́, aago ọwọ́ yín náà kọ ọ́, kálukú sì fi tiẹ̀ ránṣẹ́. Wákàtí kan wá di méjì, ẹni tó ń wò yín lókèèrè á máa rò pé Tour de France lẹ̀ ń múra sí. Ẹ mú akọ̀wé kan. Tó bá jẹ́ Zwift, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ lórí aago. Ẹ wá “Broadcast Heart Rate” nínú rẹ̀, kó kàn máa fi ìlù ọkàn ránṣẹ́ sí Zwift. Tó bá jẹ́ aago lẹ fẹ́, ẹ tú Zwift kúrò lára Strava.

Áàpù sọ 32 kìlómítà, aago sọ 27. Èwo ni òótọ́?

Kò sí. Kẹ̀kẹ́ ò kúrò lójú kan. Ohun tí áàpù bíi Zwift ń ṣe ni pé ó ń mú agbára ẹsẹ̀ yín, tí à ń fi wọ́ọ̀tì kà, ó ń dà á pọ̀ mọ́ ìwọ̀n ara yín, gíga yín àti òkè tó wà lójú ọ̀nà inú àwòrán, ó wá ṣírò eré jáde. Ó lè jẹ́ yíyípo táyà ni aago ń kà ní tiẹ̀. Ẹni tó wọn 90 kílò tó kọ 70 síbẹ̀ á máa gun òkè bí ẹyẹ. Afárá Lekki-Ikoyi ni yóò tú àṣírí rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá jáde.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ máa tọ́jú: wọ́ọ̀tì, ìṣẹ́jú àti ìlù ọkàn. Tí ẹ bá fi 150 wọ́ọ̀tì gùn ún fún wákàtí kan, iṣẹ́ tí ẹ ṣe jẹ́ 540 kìlójúùlù. Nítorí pé bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tí ara ń jó ló ń dé orí pẹ́dàlì, tí kálórì oúnjẹ kan sì jẹ́ bíi kìlójúùlù mẹ́rin, kálórì oúnjẹ tí ara yín jó náà á sún mọ́ 540. Tí aago bá pè é ní 900, ẹ má tìtorí ẹ̀ bu ẹ̀bà kún ẹ̀bà.

Wọ́ọ̀tì trainer kéré sí ti pẹ́dàlì tó ń ka agbára. Ta ló ń purọ́?

Ó lè má sí òpùrọ́. Ṣéènì àti jíà ń jẹ díẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí náà kí trainer fi bíi 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún rẹlẹ̀ kò burú. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì jẹ́ irú èyí tí táyà ń fara ti rólà, ẹ yẹ táyà wò: tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá kéré, tàbí tí rólà ò bá fún mọ́ ọn, táyà á máa yọ̀. Ẹ fọn ọ́n dé ìwọ̀n kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ gùn ún fún ìṣẹ́jú 10 kó gbóná, kí ẹ tó wá ṣe “spindown” nínú áàpù: ẹ sáré dé ibi tó bá ní kí ẹ dé, kí ẹ dá ẹsẹ̀ dúró, kó ka bí rólà ṣe pẹ́ tó kó tó rọlẹ̀. Ẹni tó ṣe é nígbà tí rólà ṣì tutù ti ba nọ́ńbà ọjọ́ yẹn jẹ́.

Ẹsẹ̀ mi kàn wúwo lójijì bí ẹni rì sínú ẹrẹ̀.

ERG ni, ètò tó ń mú kí trainer le tàbí kó rọ̀ kí wọ́ọ̀tì yín lè dúró sójú kan. Ó ti pinnu pé 200 wọ́ọ̀tì lẹ máa tẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yín bá ṣe ń falẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i kí 200 lè pé, ẹsẹ̀ á sì tún falẹ̀ sí i. Ẹ pa á, ẹ yí ẹsẹ̀ dé bíi ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó tún tan án.

Fóònù rí trainer, kọ̀ǹpútà ò rí i.

Ọ̀pọ̀ trainer, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá lóhùn lórí Bluetooth. Ẹ pa ti fóònù.

NEPA mú iná lọ ní ìṣẹ́jú 40 ńkọ́?

Èyí ló ń da Èkó láàmú ju ẹjọ́ Amẹ́ríkà lọ. Púpọ̀ nínú trainer tó ń lo iná, bí iná bá ti lọ, ẹsẹ̀ á fúyẹ́, wọ́ọ̀tì á di òdo. Kọ̀ǹpútà tó ní bátìrì ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, á máa kọ òdo lọ títí ẹni tó lọ tan jẹnẹrétọ̀ á fi dé. Ẹ dá àkọsílẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má pa á.

Ẹ wo ara ádápítọ̀ rẹ̀: tí wọ́n bá kọ 100–240V síbẹ̀, iná wa ò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tó ń jó o ni bí iná ṣe ń ta nígbà tó bá ń padà bọ̀, nítorí náà ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kí iná jókòó kí ẹ tó fi í padà. Ínfátà kékeré tàbí UPS gbé trainer àti ráútà dáadáa. Trainer irú Tacx Neo 2T lè ṣiṣẹ́ láìfi sí iná, torí ẹsẹ̀ yín ló ń fún un ní iná.

Zwift fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, MyWhoosh, áàpù irú rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́, náà fẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ bíi Garmin Edge ò fẹ́: á darí trainer fúnra rẹ̀ nípasẹ̀ ANT+ (ọ̀nà aláìlówáyà bíi Bluetooth), á sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sórí bátìrì tirẹ̀. Ní àdúgbò tí iná ti ń ṣẹ́jú, òun ló yẹ kó jẹ́ akọ̀wé yín.

Ọkàn mi ń lù ju ti òde lọ. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Ooru ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ń tẹ 150 wọ́ọ̀tì ń tú bíi 450 míì dà sínú yàrá bí ooru, ọ̀rinrin Èkó ò sì jẹ́ kí òógùn gbẹ lára. Nípa bẹ́ẹ̀ wọ́ọ̀tì á dúró sójú kan, ọkàn á máa gòkè. Ẹ gbé fáànù síwájú àyà; ti òrùlé ò tó. Ẹ mu omi, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì bo ọwọ́ kẹ̀kẹ́, torí iyọ̀ inú òógùn ń jẹ bóòtù ibẹ̀ láìjẹ́ kẹ́nì kan mọ̀. Àmọ́ tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ lọ sí ọsibítù. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáànù.

Ṣé àjèjì lè fi mọ ilé mi?

Àfi tí ẹ bá yan “Bike” dípò “Bike Indoor” lórí aago: GPS á máa ya jágajàga sórí òrùlé yín ní Surulere, Strava sì lè gbé e síta fún ẹni tó bá fẹ́ wò. Ní oṣù kìíní 2018, àṣírí tú pé máàpù Strava ti fi bárékè àwọn ọmọ ogun hàn fún gbogbo ayé, torí pé àwọn sójà ń fi í ka eré sísá wọn.

Tí wọ́n bá tún jà lọ́la ńkọ́?

Kí fáìlì yín ti wà lọ́wọ́ yín. Lórí kọ̀ǹpútà, Zwift ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú Documents, nínú Zwift, nínú Activities. Èyí tó bá parí sí “.fit” ni. Ti Strava, orí wẹ́ẹ̀bù ni kí ẹ gbà lọ, ẹ má wulẹ̀ wá a nínú áàpù: ẹ wọ Settings, ẹ wọ My Account, ẹ béèrè gbogbo àkọsílẹ̀ yín, wọn á fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín.