Tẹlifíṣọ̀n tí a ń rí ẹ̀yìn rẹ̀

Ẹ dúró níwájú dígí fèrèsé yín lálẹ́, kí iná yàrá wà ní títàn. Ẹ ó rí ojú ara yín lára dígí, ẹ ó sì tún máa rí ọkọ̀ tó ń kọjá níta. Ẹ padà síbẹ̀ lọ́sàn-án: ojú yín ti pòórá, ìta nìkan ló kù. Bí síkírìn tó mọ́ gaara bíi dígí, tí a ń rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣe ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí èyí.

Nínú tẹlifíṣọ̀n LCD tó wọ́pọ̀ nílé wa, iná kan wà lẹ́yìn tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo ojú rẹ̀. Ti OLED, irú síkírìn mìíràn, yàtọ̀. Àwọn píksẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹ̀kán wínníwínní tó para pọ̀ di àwòrán, ló ń tan iná ara wọn. Nígbà tí kò sì ti sí iná lẹ́yìn mọ́, wọ́n lè fi dígí ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì dá ààyè sílẹ̀ lára píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan: apá kan ń tàn, apá kejì ṣófo kí ìmọ́lẹ̀ lè gbà á kọjá. Bí apá tó ṣófo bá ṣe ń tóbi sí i ni àwòrán ń ṣe bàìbàì sí i. Èyí tí LG ń ṣe fún ilé ìtajà, nǹkan bí 40% ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà á kọjá. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ onítíńtì rí á mọ̀ pé ìyẹn ò mọ́ tó omi òjò.

Àmọ́ àwọ̀ dúdú gan-an ni wàhálà ibẹ̀. Dígí lè fi ìmọ́lẹ̀ kún ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò lè mú un kúrò. Lára tẹlifíṣọ̀n OLED lásán, píksẹ́lì tí wọ́n bá pa ló ń di dúdú. Níbí, ibi tí wọ́n bá pa, ògiri yín lẹ ó rí. Bí òṣèré bá wọ agbádá dúdú, kọ́tìnnì yín ni yóò hàn níbi tó yẹ kí agbádá wà. Tẹlifíṣọ̀n 77 ínǹṣì tí LG gbé jáde ní Las Vegas ní January 2024 ní ohun dúdú kan tó máa ń ká sókè lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ wo fíìmù. Nígbà tó dé ọjà ní Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $60,000. Ẹ wò ó: wọ́n gba owó kí ẹ lè máa rí ẹ̀yìn, wọ́n tún wá ohun tí wọ́n á fi bò ó!

Ní tèmi, pálọ̀ kọ́ ni ipò rẹ̀. Ibi tó ti wúlò ni ibi tí ohun tó wà lẹ́yìn dígí ti ṣe pàtàkì bí ọ̀rọ̀ tó wà lójú rẹ̀. Ní 2020, wọ́n fi irú síkírìn yìí sí fèrèsé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Beijing àti Shenzhen. Èyí tó wù mí jù ni ti ibùdókọ̀ Seibu-Shinjuku ní Tokyo, ní 2023. Òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn dígí káńtà, àlejò wà níwájú. Bí òṣìṣẹ́ bá sọ èdè Japan, ìtumọ̀ rẹ̀ á jáde lára dígí. Bí àlejò bá fèsì, tirẹ̀ náà á jáde, wọ́n á sì tún máa rí ojú ara wọn. Oòrùn kì í dé abẹ́ òrùlé, lẹ́tà tó ń tàn kò sì nílò dúdú kankan.

Mo ń fojú inú wo irú rẹ̀ níbi ìgbàkáàdì ní ọsibítù wa, fún ìyá àgbà tí etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa mọ́. Kìkì pé kí ẹni tó bá máa ṣe ti Yorùbá má gbàgbé àmì ohùn. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ìyá lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí dígí wá kọ “ogun”, ọ̀tá ni ìyá máa wá kiri.