Wíwọ́gi lé ìbéèrè ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá

Wíwọ́gi lé ìbéèrè ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ni iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé máa ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹni tó ní kí wọ́n bá òun fi ìwé pamọ́ kò bá wá gbé e. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), níbi tí Ilé-ìkàwé Àpapọ̀ ilẹ̀ Benin wà, èdè Faransé ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, "réservation" sì ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń jẹ́.

Nítorí ẹni tó tò sẹ́yìn ni wọ́n ṣe ń wọ́gi lé e. Ìwé tó jókòó sórí pẹpẹ tí ẹni tó béèrè rẹ̀ kò yọjú, kò sẹ́ni tó ń kà á.

Koha, sọ́fúwíà ilé-ìkàwé tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní New Zealand ní 1999 (ẹ̀bùn ni orúkọ náà lédè Māori), ya gbèdéke ọjọ́ oríṣi méjì sọ́tọ̀ síra wọn. Èkíní ni ọjọ́ tí olùbéèrè fúnra rẹ̀ dá. Ọjọ́ yìí lè pé kí ìwé tó dé rárá. Èkejì jẹ́ ti ìwé tó ti dé orí pẹpẹ: ọjọ́ 7 ni Koha fi síbẹ̀, ilé-ìkàwé sì lè yí i padà. Ètò kékeré kan, cancel_expired_holds.pl, ló ń yẹ̀ wọ́n wò, lóru lọ́pọ̀ ìgbà. Bí alábòójútó kò bá fàyè gba ètò náà láti wọ́gi lé ti orí pẹpẹ, ìwé ibẹ̀ kò ní kúrò lórúkọ ẹni náà.

Kàlẹ́ńdà ló máa ń fa wàhálà jù. A lè ní kí Koha má ka ọjọ́ tí ilé-ìkàwé tì, kó má sì wọ́gi lé nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n èèyàn ló máa kọ́kọ́ kọ ọjọ́ wọ̀nyẹn sí i. 1 Oṣù Kẹjọ, ọjọ́ òmìnira Benin, rọrùn: ẹ̀ẹ̀kan péré ni à ń kọ ọ́, á sì máa padà wá lọ́dọọdún. Iléyá àti ìtúnu ààwẹ̀ ń tẹ̀ lé oṣù ojú ọ̀run, ọdọọdún la gbọ́dọ̀ tún wọn kọ, àwọn gan-an ni òṣìṣẹ́ sì máa ń gbàgbé.

Kọ̀ǹpútà lè wọ́gi lé orúkọ, kò lè gbé ìwé. Títí òṣìṣẹ́ á fi gba ìwé náà wọlé padà, ẹni tó kàn lè má gbúròó kankan, àyàfi bí wọ́n bá ti ṣí ààyè tí àwọn ẹ̀dà Koha tuntun ní láti kọ ìwé náà sí orúkọ rẹ̀. Ilé-ìkàwé tún lè bu owó ìtanràn lé ẹni tí kò wá. Ìbéèrè tí wọ́n wọ́gi lé kò sọnù: ó wà nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní old_reserves, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń wò bí olùbéèrè bá dé lọ́jọ́ kẹsàn-án tó ń bínú.