Owó ẹyọ ló bí yíyọ nínú òǹkà Yorùbá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orí Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́, kó wo òǹkà wa. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, à ń lé e lórí ẹ̀wá ni. Bó bá ti di ẹẹ́dógún, ojú wa á yí sí ogún, a ó wá máa yọ: márùn-ún dín, mẹ́rin dín. Kí ló dé tí a ń yọ?

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS (ẹgbẹ́ ajíhìnrere Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà) tó gbé Ìjàyè, ló ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa jù nínú àpilẹ̀kọ tó tẹ̀ jáde ní 1887. Wọ́n á da owó ẹyọ, owó tí wọ́n ń ná láyé ìgbà yẹn, sílẹ̀, ẹni tó ń kà á á kúnlẹ̀ tì í, á máa fi márùn-ún márùn-ún kó o. Ìkó ogún jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Á tún ka ọgọ́rùn-ún mìíràn, á gbá méjèèjì pọ̀: igba nìyẹn. Tí ọwọ́ bá ti mọ́ márùn-ún lára, ìkó mẹ́rin ni ogún. Bí ìkó mẹ́ta bá pé, ìkó kan ṣoṣo ló kù, ìdí nìyí tí ẹẹ́dógún fi jẹ́ ogún ó dín márùn-ún.

Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn Yorùbá, náà jẹ́rìí sí bí wọ́n ṣe ń di owó, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921: ogójì ẹyọ lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì kún ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Àpò owó gan-an ni ọ̀kẹ́. Àwọn kan ní ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ ló bí gbogbo rẹ̀. Ó dáa, ìka lè bí ogún; ìka wo ló bí ọ̀kẹ́?

Ó ṣeé ṣe kí àgbẹ̀ ti máa fi igba ka ebè kí ẹyọ tó ti erékùṣù Maldives inú Òkun Íńdíà dé. Bóyá owó bá igba nílẹ̀ ni, tó wá sọ yíyọ di bárakú. Àwọn Èdó náà ń yọ láti ẹẹ́dógún, àwọn náà sì ná owó ẹyọ.

Ibi yíyọ yìí ni ọmọdé ti máa ń kọsẹ̀. Ọmọ tó ti ka mẹ́rìnlélógún, "márùnlélógún" ló fẹ́ sọ tẹ̀ lé e. Ẹẹ́dọ́gbọ̀n ni, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ti mọ ọgbọ̀n kó tó dé ibẹ̀. Mẹ́tàdínláàádọ́ta tún le jù: ọgọ́ta, yọ ẹ̀wá, yọ mẹ́ta. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ ní ogún, ogójì, ọgọ́ta ṣáájú ti gé ìyà náà sí ìdajì.

Ṣílè ti ẹyọ kúrò lọ́jà, náírà gbapò ṣílè ní 1973. Ọjà ò kọ́ ọmọ ní òǹkà yìí mọ́, ó ku iléèwé. Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, ìṣirò pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lónìí ò lè fi Yorùbá ka òǹkà kọjá ogún.