Ibi Tí Níúrọ́ọ̀nù Òórùn Ẹja Ti Ń Ṣẹ̀ Wá

Ọ̀pọ̀ ẹja kì í fi imú mí. Omi kàn ń gba ihò iwájú wọlé, ó ń gba ti ẹ̀yìn jáde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn níúrọ́ọ̀nù, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìsọfúnni lọ sí ọpọlọ, tó tò sínú imú náà ń mú òórùn ohun tó yòrò sínú omi. Wọ́n so mọ́ ọpọlọ tààrà, èyí sì lè mú kéèyàn rò pé inú ọpọlọ ni wọ́n ti hù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ ni wọ́n ti wá.

Zebrafish, ẹja wẹ́wẹ́ abilà inú àwọn odò Íńdíà àti agbègbè rẹ̀, ló jẹ́ kí èyí hàn kedere. Ìta ara ìyá ni ẹyin rẹ̀ ti ń dàgbà, ọlẹ̀ inú rẹ̀ sì mọ́ gaara, débi pé a lè fi máíkírósíkóòpù wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń rìn.

Ní nǹkan bíi wákàtí 10 lẹ́yìn tí ẹyin bá gba àtọ̀, ọlẹ̀ ṣì tẹ́ lé oúnjẹ inú ẹyin bí ẹní. Àárín rẹ̀ ni yóò di ọpọlọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò di awọ. Bèbè tóóró kan wà láàárín méjèèjì. Ara bèbè yìí ni imú, etí inú àti lẹ́ńsì ojú ti ń jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí yóò di imú kò kọ́kọ́ sí lójú kan: wọ́n tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú ọpọlọ. Nígbà tó bá yá, wọ́n á máa rìn pàdé ara wọn, àwọn kan láti iwájú, àwọn kan láti ẹ̀yìn, títí wọn yóò fi ṣù jọ. Ìrìn yìí gan-an ló ń mọ imú, ju pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pín sí méjì-méjì lọ.

Oríṣiríṣi níúrọ́ọ̀nù ló ń jáde níbẹ̀. Àwọn onírun gígùn ń gbóòórùn iyọ̀ òróòro. Àwọn onírun kúkurú ń mọ ásíìdì àmínò, tó ń tọ́ka sí oúnjẹ. Àwọn onírun kúkurú yìí ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní 2013, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Marianne Bronner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé inú neural crest ni wọ́n ti wá, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì arìnrìn-àjò tó ń di egungun ojú àti àwọ̀ ara. Ní 2018, ẹgbẹ́ olùwádìí Patrick Blader ní Toulouse, ní ilẹ̀ Faransé, ya fídíò ọlẹ̀ láìdáwọ́dúró, wọ́n sì tọpasẹ̀ sẹ́ẹ̀lì padà sẹ́yìn. Bèbè yẹn náà ni wọ́n bá a dé. Ẹ̀rí yìí lágbára púpọ̀, torí pé àmì títàn tí a fi sára sẹ́ẹ̀lì ká lè dá a mọ̀ lè tàn nínú ẹlòmíì tí kò bá a tan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo ìrìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ rí ibi tó ti gbéra.

Bí àwọn níúrọ́ọ̀nù imú ṣe ń so mọ́ ọpọlọ ló wú ni lórí jù. Kathleen Whitlock àti Monte Westerfield fi hàn ní 1998 pé àwọn níúrọ́ọ̀nù aṣáájú kan ló ń kọ́kọ́ na okùn tín-ín-rín ara wọn lọ sínú ọpọlọ, kí àwọn tó ń gbóòórùn tó tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n pa àwọn aṣáájú náà, okùn àwọn tó tẹ̀lé wọn ṣìnà. Bí ọ̀nà bá sì ti là tán, àwọn aṣáájú á kú fúnra wọn.