Ibi tí script ti kọ́ orúkọ ilé rẹ̀

Aago méjì òru ni cron, aago tó ń jí iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, máa ń jí script náà, ìyẹn ètò kékeré kan. Kò sí ẹni tó ṣí bùráúsà, kò sí àlejò kankan lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi ímeèlì rán àwọn oníbàárà létí owó tí wọ́n jẹ, kó sì fi líǹkì ojú ìwé ìsanwó sí i. Ó mọ ìdajì tó kẹ́yìn líǹkì yẹn dáadáa: /isanwo/2041. Ìdajì àkọ́kọ́, ìyẹn orúkọ ojúlé tó jẹ́ ilé rẹ̀, ni kò mọ̀. Mo ti gba irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ rí. http://localhost/isanwo/2041 ló wà nínú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, inú kọ̀ǹpútà tèmi gan-an ló sì ti lọ ń wá ojú ìwé náà.

Àwọn kan gbà pé Rails, ohun èlò ìkọ́ ojúlé tó jáde lọ́dún 2004, ló kọ́kọ́ fún script lórúkọ ilé tó lè fi kọ àdírẹ́sì kíkún. Wọn ò wo ẹ̀yìn tó. Ọ̀rọ̀ yìí ti lo ọdún 11 kí Rails tó dé. NCSA ni orísun rẹ̀, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Yunifásítì Illinois, lọ́dún 1993, níbi tí Rob McCool àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti gbé CGI kalẹ̀, ìyẹn ìlànà tí sáfà fi ń bá script sọ̀rọ̀.

Ẹ wo bí CGI ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí script tó bẹ̀rẹ̀, sáfà, ètò tó ń fún bùráúsà ní ojú ìwé, á ti to àwọn orúkọ kan sílẹ̀ fún un: SERVER_NAME, SERVER_PORT, SCRIPT_NAME. Script á so wọ́n pọ̀, àdírẹ́sì kíkún á sì jáde. Níbo wá ni sáfà fúnra rẹ̀ ti rí SERVER_NAME? Kì í ṣe lẹ́nu àlejò o. Nígbà yẹn, GET, ìyẹn “fún mi”, àti ọ̀nà ojú ìwé ni bùráúsà fi ń béèrè. Kò sọ ilé tí òun wá. Inú fáìlì ètò sáfà ni orúkọ náà wà, lórí ìlà ServerName, tí alábòójútó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé iṣẹ́ orí command line, níbi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ láìsí bùráúsà, ti bá CGI wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ dán script rẹ̀ wò kó tó gbé e sórí sáfà, kí ló máa ṣe? Á jókòó sídìí terminal, á tẹ setenv SERVER_NAME, á fi orúkọ sí i, á sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí mi wà nínú CGI.pm, àkójọ kóòdù fún CGI tí Lincoln Stein kọ fún èdè Perl. Bí script bá béèrè orúkọ sáfà tí kò sì sí, localhost ni CGI.pm á dá a lóhùn. Bó bá béèrè irú sáfà tó ń lò, cmdline ni. Ẹni tó kọ ìyẹn ti mọ̀ pé àwọn èèyàn ń lo script láìsí àlejò.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbi igi méjì tó dágẹ̀rẹ́ nínú http://. Ọ̀dọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà Apollo ni Tim Berners-Lee, ẹni tó dá Web sílẹ̀, ti mú un. Níbẹ̀, ohun tó bá tẹ̀lé // ni orúkọ ẹ̀rọ. Lọ́dún 2009 ó ní kò pọn dandan kí wọ́n wà níbẹ̀. Lójú tèmi, àmì náà wúlò, torí ohun tó tẹ̀lé e gan-an ni script wa kò ní. Líǹkì tó wà lójú ìwé lè gba ìyókù àdírẹ́sì rẹ̀ lọ́wọ́ ojú ìwé tó gbé e dání, bí Roy Fielding ṣe là á sílẹ̀ nínú ìwé ìlànà RFC 1808 ní oṣù kẹfà ọdún 1995. Ímeèlì kò ní ojú ìwé tó gbé e dání.

HTTP/1.1, ẹ̀dà tuntun ìlànà tí bùráúsà fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀, ló da nǹkan rú, ní oṣù kìíní ọdún 1997. Ó pa á láṣẹ kí bùráúsà máa sọ orúkọ ilé tó wá, lórí ìlà tí wọ́n ń pè ní Host. Ọ̀pọ̀ ojúlé wá lè wà lórí sáfà kan, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn script bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ ara wọn lọ́wọ́ àlejò, àlejò sì lè purọ́. Bí àlejò kò bá sí, orúkọ kò sí.

Ìyókù kò gùn. Èdè PHP, ní ẹ̀dà 4.3, fi CLI, ọ̀nà láti lò ó lórí command line, sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní ìparí ọdún 2002, kò sì sí HTTP_HOST, orúkọ tí Host máa ń gbé wá, níbẹ̀. Django, ohun èlò ìkọ́ ojúlé mìíràn tó jáde lọ́dún 2005 láti ilé ìwé ìròyìn kan ní Lawrence, ní Kansas, kọ orúkọ náà sínú database, example.com ló sì fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Drush, ohun èlò command line fún àwọn ojúlé Drupal, ń kọ http://default títí ẹ ó fi fún un ní --uri. Rails kì í méfò ní tirẹ̀: "Missing host to link to!" ló máa kígbe, ímeèlì kò sì ní lọ. Mo fẹ́ràn ìyẹn jù. Symfony 5.1, ohun èlò ìkọ́ ojúlé fún PHP, mú default_uri wá lọ́dún 2020: ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì ètò, tí alábòójútó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, bíi ServerName ọdún 1993.