Ọmọ Tí Òfin Kà sí Ìdajì Ènìyàn

Àwọn ará wa tó ń gbé ilé káńsù, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀, ní Peckham ní London, tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ilé tó tóbi sí i, mọ ìṣirò tí òfin fi ń mọ̀ bóyá èrò ti pọ̀ jù nínú ilé dunjú: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, òfin ò kà á mọ́ ènìyàn. Bó bá ti pé ọdún kan, ó di ìdajì, ìdajì náà ni yóò sì máa jẹ́ títí yóò fi pé mẹ́wàá.

Ìdajì ènìyàn yìí ti pẹ́. Ní Glasgow, ní Scotland, lọ́dún 1862, èrò pọ̀ nínú àwọn yàrá kótópó débi pé àìsàn kì í kúrò níbẹ̀. Ìlú bá ní kí wọ́n wọn gígùn, ìbú àti gíga àwọn ilé kéékèèké, kí wọ́n kan páànù pélébé mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n kọ iye àgbàlagbà tó lè sùn níbẹ̀ sí i lára. Ọmọ méjì tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ ni wọ́n kà sí àgbàlagbà kan. Wolé-wolé tiwa, ojúmọmọ ló ń wá yọjú wo tanwíji nínú àmù. Tiwọn, òru ni. Bó bá ti kanlẹ̀kùn, àwọn tó lé lórí iye á sá wọ kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn mìíràn á gun òrùlé lọ nínú òtútù.

Òfin ilé ọdún 1935 ló sọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ di ti gbogbo England. Àwọn tó ṣe é ò pè é ní ìgbé ayé ìdẹ̀ra. Wọ́n ní ìwọ̀nba tí ara lè gbà ni, ní báyìí ná. "Báyìí ná" yẹn ni wọ́n tún kó wọnú òfin ọdún 1985, òun ló sì wà níbẹ̀ dòní. Pálọ̀ náà, yàrá ìsùn ni lójú rẹ̀.

Ẹ wò ó: fúláàtì oníyàrá kan àti pálọ̀, ènìyàn mẹ́ta ni òfin gbà níbẹ̀, bí yàrá méjèèjì bá fẹ̀ dáadáa. Bàbá, ìyá, ọmọkùnrin ọdún mẹ́sàn-án, ọmọbìnrin ọdún méje, àti ìkókó. Àwa ka márùn-ún. Òfin ka mẹ́ta, kò sì sí ìfúnpọ̀ kankan. Ọjọ́ tí ọmọkùnrin yẹn bá pé mẹ́wàá, tí wọ́n ń gé kéèkì fún un, ọjọ́ náà ni ilé kún àkúnjù. Kò di ẹ̀ṣẹ̀ sí òbí lọ́rùn ṣá, bí wọ́n bá ti kọ̀wé sí káńsù pé àwọn ń fẹ́ ilé mìíràn.